Ìwé Abẹ́òkúta, Òfin Àbújá, Ẹ̀gẹ́ Màmá Mi

Ìwé náà ṣì wà lọ́wọ́ mi. N kò fà á ya, n kò sì sun ún níná, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti ṣe mí bíi kí n ṣe méjèèjì. Òǹtẹ̀ méjì ló wà lára rẹ̀, ọ̀kan pupa, ọ̀kan búlúù, ẹni tó buwọ́ lù ú sì fa orúkọ rẹ̀ gùn débi pé díẹ̀ ló kù kó bọ́ kúrò lórí ìwé. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi pé kí n jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tán nínú mi, ìwé yìí ni mo máa ń yọ sí i. Bó bá kà á tán, tí mo sì ròyìn ohun tó tẹ̀lé e, á mi orí, á ní ọ̀rọ̀ náà tó bínú sí. Mo mọ̀ pé ó tó bínú sí. Mo ti ń bínú bọ̀ kó tó dé.

Abúlé wa wà lẹ́yìn Ayétòrò, lójú ọ̀nà Ìmẹ̀kọ, níbi tí èèyàn ti máa ń yà kúrò lórí ọ̀dà bọ́ sórí ilẹ̀ pupa. Bodè kò jìnnà sí wa rárá. Àwọn kan nínú wa ń sùn ní Nàìjíríà, oko wọn wà lódìkejì. Àbúrò màmá mi obìnrin fẹ́ ọkọ sọ́hùn-ún. Àwọn ọmọ rẹ̀ ń sọ Faransé níléèwé, wọ́n sì ń sọ èdè wa nílé. Kò sẹ́ni tó bi àwọn baba wa léèrè kí wọ́n tó la ìlà yẹn gba àárín wọn kọjá. A ti gba ìyẹn bẹ́ẹ̀. Ohun tí ọkàn mi kọ̀ láti gbà ni òfin tó ti Àbújá wá bá wa nítorí ìlà náà.

Òfin ọ̀hún ní kí ilé epo tó bá sún mọ́ bodè má ta epo mọ́, kí ẹnikẹ́ni má sì gbé epo wọ agbègbè náà. Wọ́n ní àwọn onífàyàwọ́ ń kó epo Nàìjíríà lọ tà fún àwọn ará òdìkejì. Òótọ́ ni, wọ́n ń kó o. Wọ́n sì ń kó o lọ títí di òní. Bí ẹ bá dé ojúlé àbúrò màmá mi, ẹ ó rí epo tiwa nínú ìgò lórí tábìlì létí títì. Esáǹsì ni wọ́n ń pè é, wọ́n ń tà á ní gbangba bí ẹni ń ta epo pupa. Àwa tí a ni epo la kò rí i lò. Onífàyàwọ́ mọ ọ̀nà inú igbó, ó sì mọ ẹni tó máa bá sọ̀rọ̀. Obìnrin àgbàlagbà tó fẹ́ fi kẹ́ẹ̀gì epo kan rin ẹ̀gẹ́ kò mọ ìkankan nínú méjèèjì, òun wá ni òfin ń rí mú.

Ẹ̀gẹ́ ni iṣẹ́ màmá mi, òun ni àwọn ará ibòmíràn ń pè ní gbágùúdá. Ó ń gbìn ín, ó ń fi í ṣe gàrí, gàrí yẹn ló sì fi rán mi níwèé. Láti ìgbà tí mo ti ń gba owó oṣù ni mo ti ń bẹ̀ ẹ́ pé kó sinmi. Èsì kan náà ló máa ń fún mi: “Ọjọ́ tí ọwọ́ mi bá kọ iṣẹ́, màá ránṣẹ́ pè ọ́.” Òun àti obìnrin mẹ́fà mìíràn ló dáwó jọ ra ẹ̀rọ tó ń rin ẹ̀gẹ́, wọ́n sì kọ́ àtíbàbà fún un lẹ́yìn ilé wa. Epo bẹntiróòlù ni ẹ̀rọ náà ń mu. Kó tó dé, ọwọ́ ni wọ́n fi ń rin ín, lórí páànù tí wọ́n fi ìṣó lu lálu títí ẹnu ihò rẹ̀ fi yọ eyín. Ẹni tó bá ti rí àtẹ́lẹwọ́ àwọn ìyá tó fi páànù yẹn ṣiṣẹ́ rí yóò mọ ìdí tí wọ́n fi jó lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ dé.

Wọ́n ní ìlànà tiwọn, kò sì sí ìjọba kankan tó bá wọn ṣe é. Àárò ni. Lónìí, gbogbo wọn á lọ wú ẹ̀gẹ́ lóko ẹnì kan, ìwọ̀n tí ẹ̀rọ lè rin tán. Lọ́jọ́ mìíràn, ó kan ẹlòmíràn. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wú ju ìwọ̀n epo tó wà nílẹ̀ lọ. Ìdí rẹ̀ ni pé ẹ̀gẹ́ tó wà nínú ilẹ̀ lè dúró dè ọ́ di ọdún kejì, ṣùgbọ́n èyí tó bá ti jáde, kò ju bí ọjọ́ mẹ́ta lọ tí inú rẹ̀ á fi bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú. Nígbà tí òfin epo dé, àárò yìí ni kò jẹ́ kí ebi pa wọ́n. Bí ọlọ́kadà kan bá fi ìgò epo méjì pamọ́ wá, wọ́n á wú ti ìgò méjì. Bí kò bá sí, wọ́n á fi ẹ̀gẹ́ sílẹ̀ nínú ilẹ̀, wọ́n á dúró.

Èmi ni mo bà á jẹ́. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ẹlòmíràn tó bá mi sọ ọ́. Olùkọ́ ni mí nílé ẹ̀kọ́ gíga ní Ìlaró, ètò ìṣèjọba ni mo sì ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Lọ́dọọdún ni mo ń fa ìlà sójú pátákó: iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ rèé, ti ìpínlẹ̀ rèé, èyí tí wọ́n jọ ni rèé. Àbújá náà ló ń san owó oṣù mi, n kò sẹ́. Nígbà tí mo gbọ́ pé ìpínlẹ̀ fẹ́ tún ètò ọ̀gbìn ṣe, pé wọ́n fẹ́ fún àwọn ẹlẹ́rọ gàrí ní ẹ̀bá bodè láyè láti máa ra epo níwọ̀nba, inú mi dùn. Mo kọ lẹ́tà lẹ́ẹ̀mẹta, mo lọ sí Abẹ́òkúta lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tí mo gbà gbọ́ nígbà náà ni mo ṣì gbà gbọ́ báyìí: ẹni tó bá máa fi òfin de èèyàn gbọ́dọ̀ wà níbi tí yóò ti gbọ́ igbe rẹ̀. Abẹ́òkúta sún mọ́ wa ju Àbújá lọ. Mo rò pé ìyẹn tó.

Ọkùnrin tí wọ́n rán wá láti Abẹ́òkúta wọ àǹkárá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀, ó sì ní fóònù méjì. Ó jókòó ní fàráńdà ilé wa, àwọn obìnrin méjèèje yí i ká. Ó ní ìjọba ìpínlẹ̀ ti gbé ẹrù kúrò lórí wọn. Ó fa ìwé yìí lé mi lọ́wọ́, mo kà á, mo sì túmọ̀ rẹ̀ fún wọn: lẹ́ẹ̀kan lóṣù, lọ́jọ́ Jímọ̀ àkọ́kọ́, wọ́n lè ra dúróọ̀mù epo méjì ní Ayétòrò, kí wọ́n sì gbé e wálé, kí ẹnikẹ́ni má dí wọn lọ́wọ́. Àwọn obìnrin pàtẹ́wọ́. Màmá mi nìkan ni kò pàtẹ́wọ́.

“Àwọn tó wà lójú ọ̀nà ńkọ́?” ló bi í. “Ṣé wọ́n ti ka ìwé yìí?”

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. “Màmá, ìjọba ti bá ìjọba sọ̀rọ̀. Ẹ fọkàn balẹ̀.”

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Nínú gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹ̀rín yẹn ló ń dùn mí jù. Obìnrin tí kò kàwé bi ìbéèrè kan ṣoṣo tó yẹ kí olùkọ́ ètò ìṣèjọba bi, olùkọ́ wá jókòó síbẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín.

Bí ọkọ̀ àlejò ti lọ ni mo mú bírò. Mo ní níwọ̀n bó ti jẹ́ pé ọjọ́ kan péré lóṣù ni epo máa wọlé, kí wọ́n fi àárò ẹnì kan lẹ́ẹ̀kan yẹn sílẹ̀. Kí gbogbo wọn wú ẹ̀gẹ́ wọn pa pọ̀ lọ́jọ́ Rú àti Ọjọ́bọ̀, kí ẹ̀rọ lè máa ṣiṣẹ́ láìsinmi bí epo bá ti dé. Mo ní bí epo bá pẹ́ nílé, wọ́n lè sọ pé à ń kó o pamọ́ fún fàyàwọ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí ara mi.

“Ẹ̀gẹ́ kì í bàjẹ́ nínú ilẹ̀, Tíṣà,” màmá mi ní. Bí àwọn ará abúlé ti ń pè mí nìyẹn, òun náà sì máa ń pè mí bẹ́ẹ̀ bí ọ̀rọ̀ mi bá ti pọ̀ jù. “Ẹ jẹ́ kí epo kọ́kọ́ wọlé ná.”

“Màmá, ìwé wà. Ìjọba ló fọwọ́ sí i.”

Ó yíjú sí àwọn yòókù, ó ní ọmọ òun tó kàwé ló sọ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n ṣe é.

Nígbà tó fi di ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, òkìtì ẹ̀gẹ́ méje ló wà lẹ́yìn ilé wa. Ti màmá mi ga dé èjìká mi. Gbogbo ohun tó gbìn lọ́dún náà ló wà níbẹ̀, kò ku ẹyọ kan sílẹ̀, nítorí pé mo ní kó má ku ẹyọ kan.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, èmi àti awakọ̀ pikọ́ọ̀pù kan lọ sí Ayétòrò. Àwọn ará ilé epo ka ìwé wa, wọ́n rọ epo fún wa, wọ́n tún bá wa so dúróọ̀mù méjèèjì mọ́lẹ̀. A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ibi tí a máa ti yà sílé nígbà tí àwọn tí a ń pè ní patiróòlù na igi dí ọ̀nà. Ẹ̀ṣọ́ ìjọba àpapọ̀ ni wọ́n. Ọkàn mi balẹ̀, nítorí mo mọ èyí tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ìjẹ̀ṣà ni. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ló máa ń gun alùpùpù wá ra gàrí lọ́wọ́ màmá mi, “Màmá mi” ló sì ń pè é. Ó máa ń sọ pé láti ìhín títí dé Ìpókíá, òun kò tíì rí gàrí tó kan bíi tirẹ̀.

Ó gba ìwé, ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ètè rẹ̀ ń mì. Ó tún un kà.

“Ẹ̀gbọ́n,” ó ní, “ìwé yìí dáa. Òǹtẹ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Abẹ́òkúta ló kọ ọ́.”

“Abẹ́òkúta kì í ṣe ìjọba ni?”

“Ìjọba ni. Àmọ́ òun kọ́ ló rán mi. Àwọn tó rán mi ò tíì sọ fún mi pé òfin yí padà.”

“Epo ẹ̀rọ gàrí ni! Ìwọ gan-an ń jẹ gàrí náà!”

“Mo mọ̀, ẹ̀gbọ́n. Ẹ má bínú.”

Ẹ má bínú! Wọ́n yí dúróọ̀mù méjèèjì sínú ọkọ̀ tiwọn, wọn kò fún wa ní bébà kankan pé wọ́n gba nǹkan lọ́wọ́ wa. Ìwé tiwa ni wọ́n dá padà, wọ́n tiẹ̀ ká a dáadáa kí wọ́n tó fún mi. Mo pariwo débi pé awakọ̀ ń fà mí láṣọ. Mo ka òfin orílẹ̀-èdè fún wọn láti orí, èyí tí mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀kan nínú wọn ń jẹ ẹ̀pà, ó ń wò mí bí ẹni ń wo eré.

Mo pe ọkùnrin Abẹ́òkúta. Ó ní, “Háà, wọn ò gbọdọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ o.” Ó ní òun máa bá àwọn ọ̀gá wọn sọ̀rọ̀, àmọ́ ọ́fíìsì ti ń palẹ̀ mọ́, ó di ọjọ́ Ajé. Mo ní ẹ̀gẹ́ ti jáde nílẹ̀. Ó ní kí n ṣàlàyé fún wọn kí wọ́n ní sùúrù. Ta ni kí n ṣàlàyé fún, ẹ̀gẹ́? Ẹ̀gẹ́ kò mọ ọjọ́ Ajé. Kò mọ èyí tó jẹ́ ti ìpínlẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tó jẹ́ ti àpapọ̀. Ó ń dúdú lọ ní tirẹ̀ ni.

Ohun tó ń bí mi nínú rèé, mo sì fẹ́ sọ ọ́ ketekete. Ìjọba tó jìnnà kò rí wa, ó fi ìgbálẹ̀ kan ṣoṣo gbá olè àti olóko pọ̀. Ìyẹn burú. Ìjọba tó sún mọ́ wa rí wa, ó rí ibi tó ń dùn wá, ó sì wá fi ẹnu tú okùn tí ọwọ́ rẹ̀ kò ká. Ẹnu dùn-ún ròfọ́. Kò lọ sọ́dọ̀ ẹni tó so okùn. Ọ̀dọ̀ wa ló wá, ó ní a ti dòmìnira. N kò mọ èyí tí mo bínú sí jù nínú àwọn méjèèjì. Bó bá di òwúrọ̀, Àbújá ni. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, Abẹ́òkúta ni.

Nígbà tí mo délé, n kò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́. Màmá mi wo ẹ̀yìn pikọ́ọ̀pù, ó rí i pé òfìfo ni. Kò bú mi. Ì bá sàn kó bú mi. Ó wọlé, ó gun àpótí, ó fa páànù àtijọ́ yọ lábẹ́ òrùlé, ó gbọn eruku ara rẹ̀ nù, ó fọ̀ ọ́, ó sì jókòó ti òkìtì tirẹ̀. Àwọn yòókù lọ wá tiwọn. Páànù mẹ́rin péré ló ṣẹ́ kù ní gbogbo abúlé, nítorí ta ló tún ń tọ́jú irú rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ̀rọ dé? Wọ́n ń gbà á lọ́wọ́ ara wọn. Àwọn kan kó díẹ̀ lọ rẹ sómi kí wọ́n lè fi ṣe láfún, ṣùgbọ́n ọ̀gbẹlẹ̀ ni, odò kò ju kókósẹ̀ lọ, ìkòkò ilé kò sì tó nǹkan.

Èmi ńkọ́? Mo wà lórí fóònù. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń pè, tí mo fi ń lọ tí mo ń bọ̀ láàárín Ìmẹ̀kọ àti Ayétòrò, tí mo ń wá ọ̀gá tí kò sí nílé.

Nígbà tó fi di ọjọ́ Àìkú, ìyókù ẹ̀gẹ́ ti ń rùn. A gbẹ́ ihò ńlá kan, a sì rọ́ ọ sí i, kí ewúrẹ́ má baà jẹ ẹ́ kú. Èyí tí màmá mi rọ́ sínú ihò ju èyí tó di gàrí lọ fíìfíì. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti bó. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ó fi ṣíbí jẹ ẹ̀bà. Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, n kò rí i kó fi ṣíbí jẹ ẹ̀bà rí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Abẹ́òkúta tó pè. Wọ́n ní àwọn ti kọ̀wé sí Àbújá, àwọn ń retí èsì. Aṣọ ò bá Ọmọ́yẹ mọ́. Ọkùnrin náà tún ní ohun kékeré kan kù: wọ́n fẹ́ ṣe ìpàtẹ ohun ọ̀gbìn, kí àwọn obìnrin wa jọ̀wọ́ fi gàrí díẹ̀ ránṣẹ́, kí aráyé lè rí i bí ètò tuntun náà ti ń so èso. Mo pa fóònù mọ́ ọn lẹ́nu. Àwọn tó mọ̀ mí mọ̀ pé n kì í pa fóònù mọ́ èèyàn lẹ́nu.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, mo tún wálé. Mo bá màmá mi lẹ́yìn ilé, ó fi àkísà wé ọwọ́ méjèèjì. Ó ti lọ tọrọ ẹ̀gẹ́ díẹ̀ lóko àbúrò rẹ̀ lódìkejì, ìwọ̀n tí ọwọ́ lè rin lọ́jọ́ kan, ó ti bó o, ó ti fọ̀ ọ́. Páànù wà níwájú rẹ̀. Kò tíì pẹ́ tí mo jókòó tí mo gbọ́ ìró alùpùpù. Ìjẹ̀ṣà náà ni, ó gbé àpò rẹ̀ dání bó ti máa ń gbé e wá.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá mi.”

Mo dìde. Gbogbo ohun tí mo ti ń tò jọ láti ọ̀sẹ̀ kan ló gun orí ahọ́n mi.

“Jókòó, Tíṣà,” màmá mi ní. “Ìwọ kọ́ ló wá kí.” Ó yíjú sí i. “Kóńgò mélòó?”

“Mẹ́rin ni, Màmá, bíi ti tẹ́lẹ̀.”

“Kò tíì di gàrí. Ẹ̀gẹ́ rẹ rèé.” Ó ti páànù náà sọ́dọ̀ rẹ̀, ó gbé ẹ̀gẹ́ mẹ́ta lé e.

Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó wá rí i pé àwàdà kọ́. “Màmá, mo wà lẹ́nu iṣẹ́.”

“Èmi náà wà lẹ́nu iṣẹ́.”

Ó ṣí fìlà, ó jókòó lórí àpótí. Mo rò pé kò ní ṣe é, ṣùgbọ́n ó ṣe é. Ó di ẹ̀gẹ́ mú bí ẹni di òkúta mú, ó ń fà á wá, ó ń tì í lọ.

“Ta ló rán ọ sójú ọ̀nà yẹn, ọmọ mi?”

“Àbújá ni, Màmá.”

“Ṣé Àbújá ń jẹ gàrí?”

“Wọ́n ń jẹ ẹ́, Màmá.”

“Ó dáa. Máa rin ín.”

Ó rin ọ̀kan tán. Ní ìdajì ìkejì, páànù gé e ní oríkèé ìka, ó sì fi ìka sẹ́nu. Màmá mi dìde, ó wọlé, ó gbé díẹ̀ tó ṣẹ́ kù nínú gàrí ọ̀sẹ̀ tó kọjá jáde. Kóńgò méjì ló wọ̀n fún un, ó gba owó rẹ̀. Ọkùnrin náà ṣí ẹnu àpò sílẹ̀, ó ń dúró, nítorí kò sí ọjọ́ tó wá tí màmá mi kì í bu ẹ̀kúnwọ́ lé e.

“Èènì ńkọ́, Màmá?”

“O ti gba èènì tìẹ lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá.”

Ó di ẹnu àpò rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀, ó sì lọ.

Inú mi dùn débi pé mo ń pàtẹ́wọ́. “Màmá, ẹ mú un! Ẹ mú un dáadáa!” Màmá mi kò rẹ́rìn-ín. Ó fọ ẹ̀jẹ̀ kúrò lára páànù, ó gbé e wá síwájú mi, ó sì gbé ẹ̀gẹ́ kan lé e.

“Ó kàn ọ́, Tíṣà.”

“Èmi, Màmá?”

“Ìwọ lo ní ká wú u.”

Ohun tí kò sọ láti ọjọ́ náà nìyẹn. Kò pariwo. Mo ká ọwọ́ aṣọ mi, mo jókòó sórí àpótí tí Ìjẹ̀ṣà dìde kúrò lórí rẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rin ẹ̀gẹ́. Eyín páànù náà mú ju bó ti rí lójú lọ. “Fa ìka rẹ sẹ́yìn díẹ̀,” màmá mi ní, bó ti máa ń sọ nígbà tó ń kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń bẹ iṣu ní kékeré. N kò tètè fà á sẹ́yìn. Ó tú àkísà ọwọ́ rẹ̀ kan, ó fi di ìka mi, ó gba ìyókù ẹ̀gẹ́ náà lọ́wọ́ mi, ó sì rin ín tán.